Ìrìn àti Agbára Tí Ó Ń Jẹ Lẹ́yìn Gígé Ẹsẹ̀ Lókè Orúnkún

Bí wọ́n bá gé ẹsẹ̀ ènìyàn lókè orúnkún, oríkèé méjì ni ó bá a lọ, ìyẹn orúnkún àti ọrùn ẹsẹ̀, pẹ̀lú gbogbo iṣan tí ń darí wọn, bẹ́ẹ̀ ni ìrìn tí onítọ̀hún ti ń rìn láti kékeré láìronú sí i yóò di iṣẹ́ tí ara ní láti kọ́ lákọ̀tun, tí yóò sì máa gba agbára ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Iye agbára náà, ibi tí ó ń gbà lọ, bí a ṣe lè wọ̀n ọ́n láìsí ẹ̀rọ olówó ńlá, àti ohun tí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn, ẹbí rẹ̀ àti àwọn òṣìṣẹ́ ìlera lè ṣe kí ó fi dín kù, ni orí yìí dá lé. Ní Nàìjíríà, jàǹbá ọ̀kadà àti ti mọ́tò, pẹ̀lú egbò ẹsẹ̀ tí àrùn àtọ̀gbẹ sọ di kíkẹ̀, wà lára ohun tí ó sábà máa ń fa irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀, bí yóò sì ti hàn láìpẹ́, ohun tí ó fa gígé ẹsẹ̀ náà kan ọ̀rọ̀ agbára bí ibi tí a ti gé e ṣe kàn án.

Òṣùwọ̀n méjì

Ara ń lo afẹ́fẹ́ ọ́síjìn láti sọ oúnjẹ di agbára, nítorí náà ni àwọn onímọ̀ ṣe ń fi iye ọ́síjìn tí ara lò díwọ̀n agbára tí ìrìn ń jẹ. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà kà á, ẹni tí kò bá sì mọ ìyàtọ̀ àárín méjèèjì yóò ṣi ọ̀rọ̀ náà gbọ́. Èkíní ni iye tí ara ń lò ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan; òun ni ó ń fi hàn bóyá iṣẹ́ náà rọ ènìyàn lọ́rùn tàbí yóò máa mí hẹlẹhẹlẹ. Èkejì ni iye tí ara ń lò láti fi rin mítà kan. Òun ni ó ń fi hàn iye tí ọ̀nà fúnra rẹ̀ ń náni. Àgbàlagbà tí ara rẹ̀ pé, tí ó ń rìn bí ó ṣe wù ú lórí ilẹ̀ títẹ́jú, a máa rin bí 80 mítà ní ìṣẹ́jú kan, a sì máa lo bí mìlílítà ọ́síjìn 12 fún kílógíráàmù ara rẹ̀ kọ̀ọ̀kan láàárín ìṣẹ́jú náà. Bí a bá pín in, ó jẹ́ bí mìlílítà 0.15 fún kílógíráàmù kan lórí mítà kan.

Ní ọdún 1976, Robert Waters, Jacquelin Perry àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní ilé ìwòsàn Rancho Los Amigos ní ìpínlẹ̀ California tẹ ìwádìí kan jáde tí àwọn tí ń ṣe ẹsẹ̀ àtọwọ́dá ṣì ń tọ́ka sí títí di òní. Wọ́n wọn ìrìn àwọn tí a gé ẹsẹ̀ wọn nísàlẹ̀ orúnkún àti àwọn tí a gé tiwọn lókè rẹ̀, wọ́n sì ya àwọn tí jàǹbá ṣe sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tí àrùn òpó ẹ̀jẹ̀ ṣe. Àwọn tí jàǹbá mú kí a gé ẹsẹ̀ wọn nísàlẹ̀ orúnkún ń rin bí 71 mítà ní ìṣẹ́jú kan; àwọn tí jàǹbá mú kí a gé tiwọn lókè orúnkún ń rin bí 52; àwọn tí àrùn òpó ẹ̀jẹ̀ mú kí a gé tiwọn lókè orúnkún kò rìn ju bí 36 lọ. Síbẹ̀, iye ọ́síjìn tí gbogbo wọn ń lò ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan kò fi bẹ́ẹ̀ ju ti ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ pé lọ. Orí mítà ni ìyàtọ̀ ti hàn: dípò 0.15, láàárín àwọn tí a gé ẹsẹ̀ wọn lókè orúnkún, ó di bí 0.25 fún ẹni tí jàǹbá ṣe, ó sì di bí 0.35 fún ẹni tí àrùn òpó ẹ̀jẹ̀ ṣe, èyí tí ó ju ìlọ́po méjì lọ.

Ohun tí èyí ń fi yéni ni pé ara ń dáàbò bo ara rẹ̀. Nígbà tí mítà kọ̀ọ̀kan bá wọ́n, ara kì í fẹ́ ná ju bí ó ti ń ná tẹ́lẹ̀ lọ ní ìṣẹ́jú kan, nítorí náà yóò rìn díẹ̀díẹ̀. Ìrìn ìrọ̀rùn ọ̀dọ́ tí ara rẹ̀ le kò tó ìdajì agbára tí ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ lè pèsè bí wọ́n bá sa gbogbo ipá wọn, ṣùgbọ́n àgbàlagbà tí àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru ti bá fínra fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí ó sì ti dùbúlẹ̀ fún oṣù díẹ̀ kí a tó gé ẹsẹ̀ náà, kò ní àyè tó bẹ́ẹ̀ mọ́, ìrìn tí kò tó nǹkan lójú ẹlòmíràn sì ti sún mọ́ òpin ohun tí ọkàn rẹ̀ lè gbé. Ìdí nìyí tí kò fi tọ́ kí ẹbí máa pè é ní ọ̀lẹ, tàbí kí wọ́n máa fà á lọ́wọ́ pé kó yára. Ẹni tí a bá fi ipá mú yára ju bí ara rẹ̀ ti yàn lọ yóò tètè rẹ̀, iṣan rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, yóò sì di ẹni tí kò fẹ́ gbé ẹsẹ̀ náà wọ̀ mọ́. Bákan náà ni kò dára kí ó máa rìn ju bí ó ti yẹ lọ lọ́ra, nítorí ìrìn tí ó lọ́ra jù a tún máa mú kí mítà kọ̀ọ̀kan wọ́n sí i. Ìwọ̀n tí ó wù ú fúnra rẹ̀ ni ó sábà máa ń sún mọ́ èyí tí ó ń jẹ agbára kéré jù.

Ibi tí agbára ń gbà lọ

Nínú ìrìn ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ pé, iṣan ńlá tí ó wà lẹ́yìn ojúgun ni ó ń ti ilẹ̀ sẹ́yìn nígbà tí gìgísẹ̀ bá gbéra, ipa rẹ̀ sì pọ̀ púpọ̀ nínú iṣẹ́ tí ń gbé ara síwájú. Ọrùn ẹsẹ̀ àtọwọ́dá tí ó wọ́pọ̀ kò ní ohun tí ó lè ṣe irú iṣẹ́ yìí. Àwọn àtẹ́lẹsẹ̀ ìgbàlódé tí a fi kábọ́ọ̀nù ṣe lè tẹ̀, kí wọ́n sì nà padà, ṣùgbọ́n apá kan nínú agbára tí ara fi tẹ̀ wọ́n ni wọ́n ń dá padà, wọn kò lè fi nǹkan kan kún un. Iṣẹ́ tí iṣan ẹ̀yìn ojúgun kò ṣe mọ́ yóò wá já lé ìgbáròkó méjèèjì àti ẹsẹ̀ tí ó kù lórí.

Ti orúnkún tún le ju èyí lọ. Orúnkún tí a bí mọ́ni ń dúró gbagidi nígbà tí a bá gbé ara lé e, ó sì ń ká ní kété tí ẹsẹ̀ bá fẹ́ gbéra, kí ẹsẹ̀ lè kúrú díẹ̀, kí ọmọ ìka má baà gbá ilẹ̀. Ẹni tí ó wọ orúnkún àtọwọ́dá kò ní iṣan tí yóò fi mú un dúró, nítorí náà ní gbogbo ìgbà tí gìgísẹ̀ bá balẹ̀ ni ó ní láti fi iṣan ìdí fa ìyókù itan rẹ̀ sẹ́yìn nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ohun jíjìn tí a mọ sí ìwọ̀n ìyókù itan náà, tí orúnkún àtọwọ́dá so mọ́ nísàlẹ̀. Bí kò bá fà á tó, orúnkún lè yẹ̀ mọ́ ọn nísàlẹ̀, kó sì ṣubú. Bí ìyókù itan bá ṣe gùn tó ni ipá tí ó fi ń darí ẹsẹ̀ àtọwọ́dá ṣe pọ̀ tó, ìdí sì nìyí tí oníṣẹ́ abẹ fi gbọ́dọ̀ dá gbogbo gígùn tí ó bá ṣeé dá sí, níwọ̀n ìgbà tí ẹran ara tí ó kù bá ní ìlera, tí àyè orúnkún àtọwọ́dá sì wà.

Oníṣẹ́ abẹ tún ní ohun mìíràn lọ́wọ́ tí àwọn ènìyàn kì í sábà rí. Iṣan tí ó tóbi jù nínú àwọn iṣan inú itan, tí ń fa itan wọlé sí àárín ara, so mọ́ egungun itan ní ìsàlẹ̀ nítòsí orúnkún, bí a bá sì gé egungun náà láìtún ìdí iṣan yìí so padà, egungun itan yóò máa ṣí síta nínú ẹran. Frank Gottschalk, oníṣẹ́ abẹ egungun ní ìlú Dallas, fi hàn pé bí ìsomọ́ yìí bá sọnù, bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ipá tí ń fa itan wọlé ni ó bá a lọ, ó sì gbé ọ̀nà kan kalẹ̀ tí a fi ń lu ihò sí ẹnu egungun, tí a sì ń so iṣan náà mọ́ ọn. Ẹni tí egungun itan rẹ̀ ti ṣí síta kò lè fi ẹ̀gbẹ́ ìbàdí gbé ara rẹ̀ dúró dáadáa, yóò máa ju gbogbo òkè ara rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ àtọwọ́dá ní gbogbo ìṣísẹ̀, bẹ́ẹ̀ gbígbé òkè ara lọ síhìn-ín sọ́hùn-ún kì í ṣe iṣẹ́ kékeré.

Lórí ìwọ̀nyí ni àṣà ìrìn tún ń gorí. Kí ọmọ ìka ẹsẹ̀ àtọwọ́dá má baà gbá ilẹ̀, ẹlòmíràn a máa gbé ìbàdí rẹ̀ sókè, ẹlòmíràn a máa fi ẹsẹ̀ náà yí gba ẹ̀gbẹ́, ẹlòmíràn a sì máa na ara rẹ̀ sókè lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀ tí ó kù. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń jẹ agbára, èyí tí ó kẹ́yìn sì burú jù, nítorí pé gbogbo ìwúwo ara ni a ń gbé sókè ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ń tọ́ni sọ́nà gbọ́dọ̀ béèrè ohun tí ó fà á kí ó tó sọ pé kí onítọ̀hún ṣíwọ́: ó lè jẹ́ pé ẹsẹ̀ náà gùn jù, tàbí pé orúnkún rẹ̀ kì í ká dáadáa, tàbí pé sọ́kẹ́ẹ̀tì náà ń bọ́ díẹ̀díẹ̀ bí ẹsẹ̀ bá gbéra, tàbí pé ẹ̀rù ń ba onítọ̀hún láti gbẹ́kẹ̀ lé orúnkún náà.

Bí a ṣe lè wọ̀n ọ́n

Kò sí ìdí tí ilé ìwòsàn tí kò ní ẹ̀rọ ọ́síjìn fi gbọ́dọ̀ máa méfò. Ní nǹkan bí ọdún 1980 ni J. MacGregor ti gbé òṣùwọ̀n kan kalẹ̀ tí kò béèrè ju aago àti ọ̀nà títẹ́jú lọ. Ó dá lé e pé, bí iṣẹ́ ara kò bá tíì le jù, lílù ọkàn ń gòkè bí ọ́síjìn tí ara ń lò ṣe ń gòkè. A ó yọ iye ìgbà tí ọkàn ń lù ní ìṣẹ́jú kan nígbà ìsinmi kúrò nínú iye ìgbà tí ó ń lù nígbà ìrìn, a ó sì fi iye mítà tí a rìn ní ìṣẹ́jú kan pín ohun tí ó kù. Èsì rẹ̀ ni iye lílù ọkàn tí mítà kan ń jẹ.

Kí onítọ̀hún kọ́kọ́ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí a sì ka lílù ọkàn rẹ̀ lọ́rùn ọwọ́. Kí ó wá rìn bí ó ṣe wù ú fún ìṣẹ́jú márùn-ún lórí ilẹ̀ tí a ti fi okùn wọ̀n, fún àpẹẹrẹ ọ̀nà 20 mítà tí ó ń lọ tí ó sì ń bọ̀ lórí rẹ̀, kí a tún ka lílù ọkàn náà lójú ẹsẹ̀ tí ó bá dúró, nítorí kì í pẹ́ kí ó tó lọ sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 76 nígbà ìsinmi, tí ó di 112 nígbà ìrìn, tí ọ̀nà tí ó rìn sì jẹ́ 225 mítà, a jẹ́ pé ó rin 45 mítà ní ìṣẹ́jú kan. 36 tí ó lé nínú lílù ọkàn, bí a bá fi 45 pín in, yóò jẹ́ 0.8. Ti ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ pé sábà máa ń wà láàárín 0.3 sí 0.4. A kò gbọ́dọ̀ fi nọ́ńbà yìí dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́ tàbí fi í wé aládùúgbò. Ti onítọ̀hún ti oṣù tí ó kọjá ni kí a fi wé ti oṣù yìí.

Ohun méjì ló lè mú kí ìṣirò yìí ṣini lọ́nà. Àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan wà tí ń fa ọkàn sẹ́yìn kí ó má baà yára lù, ẹni tí ó bá sì ń lò wọ́n yóò dà bí ẹni tí ìrìn rọrùn fún nígbà tí kò rí bẹ́ẹ̀. Bákan náà ni kò wúlò fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ kì í lù létòlétò. Fún àwọn wọ̀nyí, iye mítà tí wọ́n rìn ní ìṣẹ́jú márùn-ún àti bóyá wọ́n lè sọ̀rọ̀ láìdánu dúró nígbà tí wọ́n ń rìn ti tó. Bí àyà bá ń dun ẹnikẹ́ni, tàbí tí òòyì ń kọ́ ọ, kí ó dá ìrìn náà dúró, kí dókítà sì rí i kí ó tó tún dán an wò.

Bí a ṣe lè dín in kù

Iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀ kí ẹsẹ̀ àtọwọ́dá tó dé. Ẹni tí ó ń jókòó látàárọ̀ dalẹ́, tàbí tí wọ́n ń fi ìrọ̀rí ti ìyókù itan rẹ̀ sókè lórí ibùsùn, ni ìgbáròkó rẹ̀ máa ń ká síwájú, tí kì í sì í nà tán mọ́. Àánú ni ó mú kí ẹbí máa fi ìrọ̀rí náà sí i, ṣùgbọ́n ìgbáròkó tí kò nà kò ní jẹ́ kí onítọ̀hún lè fa itan sẹ́yìn láti mú orúnkún dúró, yóò sì máa tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ kí ó tó lè dúró ṣánṣán. Ìdènà rẹ̀ kò náni lówó: kí ó máa dojú bolẹ̀ lórí ibùsùn líle fún bí ìṣẹ́jú 15 sí 20, lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, kí ìyókù itan náà nà gbọọrọ. Kí ó sì máa fún iṣan ìdí, iṣan ẹ̀gbẹ́ ìbàdí àti iṣan inú itan ní iṣẹ́ ṣe, gẹ́gẹ́ bí onímọ̀ físíò bá ti fi hàn án. Ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró náà nílò ìdánrawò, nítorí bí mítà kan bá tilẹ̀ ń jẹ iye kan náà, ẹni tí agbára rẹ̀ pọ̀ sí i yóò rin ọ̀nà jíjìn kí ó tó rẹ̀ ẹ́. Fífi ẹsẹ̀ kan wa kẹ̀kẹ́ tí a gbé dúró sójú kan, tàbí fífi ọwọ́ méjèèjì gbé ìgò omi sókè sódò títí tí èémí yóò fi yá díẹ̀, wà lára ohun tí a lè ṣe nílé.

Bí owó kò bá pọ̀, sọ́kẹ́ẹ̀tì ni ó yẹ kí ó gba èyí tí ó pọ̀ jù níbẹ̀, kí orúnkún olówó ńlá tó tẹ̀ lé e, nítorí orúnkún tí ó dára jù lọ láyé kò lè ran ìyókù itan tí ń yí kiri nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́. Èyí tí ó ní igun mẹ́rin, tí egungun ìjókòó gbé ara lé etí rẹ̀, ni wọ́n ti ń ṣe láti bí ọdún 1950. Láti bí ọdún 1980 ni èyí tí ó fún láti ẹ̀gbẹ́, tí ó sì di egungun ìjókòó náà mú sínú, ti dé. Nínú ìwádìí kan tí Robert Gailey àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní ọdún 1993, àwọn tí ó wọ irú kejì yìí lo agbára tí ó dín díẹ̀ nígbà tí ìrìn wọn yá. Irú yòówù kó jẹ́, ìyókù itan a máa fọn láàárín ọdún kìíní, sọ́kẹ́ẹ̀tì tí ó bá a mu lóṣù kẹta lè ti gbòòrò jù lóṣù kẹjọ. Ìbọ̀sẹ̀ tí a fi kún un lè gbà á sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n bí ìbọ̀sẹ̀ bá ti ń di púpọ̀, ó ti tó láti ṣe òmíràn.

Gígùn ẹsẹ̀ àti bí a ṣe tò ó sí ìlà ṣe kókó. Àwọn oníṣẹ́ ẹsẹ̀ àtọwọ́dá a máa jẹ́ kí ẹsẹ̀ náà kúrú tó bí sẹ̀ǹtímítà kan kí ọmọ ìka lè kọjá láìgbá ilẹ̀. Bí ẹsẹ̀ náà ṣe tò bá bàtà tí a fi wọ̀n ọ́n mu, nítorí náà ẹni tí a fi bàtà pẹlẹbẹ wọn tirẹ̀, tí ó wá gbé bàtà onígìgísẹ̀ gíga wọ̀ lọ sí òde ìgbéyàwó, ti sún orúnkún rẹ̀ síwájú láìmọ̀, ó sì lè yẹ̀ mọ́ ọn nísàlẹ̀. Kí ó mú bàtà tí ó ń wọ̀ jù lọ dání lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń tò ó. Fún àwọn tí ń wọ mọ́sálásí tàbí tí ń rìn láìwọ bàtà nínú ilé, àtẹ́lẹsẹ̀ Jaipur, tí Ram Chandra Sharma àti P. K. Sethi ṣe ní orílẹ̀-èdè Íńdíà ní ọdún 1968, ni a ṣe kí ènìyàn lè fi rìn láìwọ bàtà, kí ó sì lè lóṣòó.

Ìwúwo ẹsẹ̀ àtọwọ́dá ń kọ́? Ó sábà máa ń fúyẹ́ ju ẹsẹ̀ tí a gé lọ, síbẹ̀ ó máa ń wúwo lára ẹni tí ó wọ̀ ọ́. Ibi tí ìwúwo náà wà ni ó ṣe pàtàkì jù: ẹrù tí a so mọ́ orí ọ̀pá gígùn wúwo lọ́wọ́ ẹni tí ń fì í ju èyí tí a so sítòsí ọwọ́ lọ, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni bàtà tí ó wúwo ń jẹ agbára ju sọ́kẹ́ẹ̀tì tí ó fi ìwọ̀n kan náà wúwo lọ.

Ní ti orúnkún, èyí tí a lè tì pa, tí kì í ká nígbà ìrìn, ni àwọn kan ń fojú tẹ́ńbẹ́lú, ṣùgbọ́n fún àgbàlagbà tí ń rìn díẹ̀díẹ̀, tí ẹ̀rù ìṣubú ń bà, ó lè rọ̀ ọ́ lọ́rùn ju èyí tí ó ní láti máa ṣọ́ ní gbogbo ìṣísẹ̀ lọ. Ọ̀dọ́ tí ń yára rìn tí ó sì ń yí eré rẹ̀ padà nílò èyí tí epo inú rẹ̀ ń darí bí ẹsẹ̀ ṣe ń fì. Èyí tí kọ̀ǹpútà kékeré ń darí, irú C-Leg tí ilé-iṣẹ́ Ottobock ní Jámánì gbé jáde ní ọdún 1997, ti fi hàn kedere pé ó ń dín ìkọsẹ̀ àti ìṣubú kù. Dídín tí ó ń dín agbára kù kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀.

Ọ̀nà jíjìn, ọ̀pá àti àga onítáyà

Gbogbo nọ́ńbà tí a ti mẹ́nu bà, orí ilẹ̀ títẹ́jú ni a ti wọ̀n wọ́n. Iyanrìn, ẹrẹ̀ àsìkò òjò, òkè àti àtẹ̀gùn ń fi kún un, ooru náà sì ń fi kún iṣẹ́ ọkàn, yàtọ̀ sí pé òógùn inú sọ́kẹ́ẹ̀tì lè bó awọ ara. Ó dára kí onítọ̀hún mọ ibi tí yóò ti jókòó sinmi lójú ọ̀nà kí ó tó jáde, kí ó sì máa lọ sí ibi jíjìn láàárọ̀ kí oòrùn tó mú. Fífi ọ̀pá abẹ́ apá méjèèjì fò láìwọ ẹsẹ̀ àtọwọ́dá a máa mú kí ọkàn sáré gan-an, kò sì rọrùn ju ẹsẹ̀ àtọwọ́dá lọ fún ọ̀dọ́. Àgbàlagbà tí àrùn òpó ẹ̀jẹ̀ ń ṣe ni ẹsẹ̀ àtọwọ́dá lókè orúnkún kì í fi bẹ́ẹ̀ mú àǹfààní wá fún ju ọ̀pá lọ ní ti agbára.

Àga onítáyà tí a ń fọwọ́ yí kò gba agbára tí ó fi bẹ́ẹ̀ ju ti ìrìn ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ pé lọ lórí ilẹ̀ dídán. Ìyá àgbà tí ń fi ẹsẹ̀ àtọwọ́dá rìn nínú ilé, tí ó ń wọ̀ ọ́ dìde láti orí àga sí ibùsùn, tí wọ́n sì ń fi àga gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ọjà, ti lo agbára rẹ̀ síbi tí ó tọ́, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni kà á sí ìfàsẹ́yìn. Ẹsẹ̀ tí ó kù ni kí ilé máa ṣọ́ lójú méjèèjì, nítorí òun ni ó ń ru ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ èyí tí a gé: bí àtọ̀gbẹ bá ń ṣe onítọ̀hún, kí wọ́n máa yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ náà àti àárín ọmọ ìka wò lálaalẹ́ nínú ìmọ́lẹ̀, bí egbò, roro tàbí ibi tí ó gbóná ju ibòmíràn lọ bá sì wà níbẹ̀, kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú.